Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Ló Ni Òjò

Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ òwe méjì tí àwọn àgbà fi ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ jíjẹ́. Àkọ́kọ́ sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Èkejì sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ìránṣẹ́ ni méjèèjì ń bá wí. Kò sí èyí tó bi arannisẹ́ pé, nígbà tí o ń rán ọmọ yìí, ǹjẹ́ o wo ojú ọ̀run?

Èmi fẹ́ bi í lónìí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: nígbà tí ìjì bá ń jà ní Erékùṣù Èkó, kí ẹni tó rán oníkẹ̀kẹ́ níṣẹ́ sanwó fún un kó dúró, kó má ṣe sanwó lé e kó máa lọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Máruwá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn èèyàn: oúnjẹ láti ilé oúnjẹ, oògùn láti ilé olóògùn, aṣọ láti Balógun, ìwé láti ọ́fíìsì kan ní Broad Street sí òmíràn ní Marínà. Ilé ìyá màmá mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan ni kẹ̀kẹ́ náà ń sùn. Èmi a wọ dáńfó láti Akọka, ma gba orí Third Mainland kọjá, ma lọ bá a níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Nínú kíláàsì wa, mo lè ka àwọn mẹ́rin mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àwọn kan ní Yábàá, àwọn kan ní Lẹ́kí.

Àwọn kan máa ń rò pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun àwọn òyìnbó tó fẹ́ dín ọ̀rá ara kù. Ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Máruwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island àti Eti-Osa sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún mú òfin ọ̀kadà náà le sí i ní àwọn ibì kan náà. Wọ́n yọ ọ̀kadà tó ń gbé ẹrù fún ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún bóyá ọwọ́ àwọn agbófinró ń fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù kan tó wà ní nǹkan bí 190 náírà ti kọjá 480. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Kò nílò nọ́ńbà. Ó ń gba àárín ọjà kọjá níbi tí mọ́tò ti ń fi wákàtí kan sun. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a kò lówó ọ̀kadà ṣe rí ọ̀nà jẹun.

Kẹ̀kẹ́ kì í sì í ṣe àlejò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, W. A. Dáwódù, ọmọ Èkó, wà lára àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ kó tó di pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbòde. Carter Bridge tí wọ́n ṣí ní 1901 ló so Erékùṣù pọ̀ mọ́ Ìddó, tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ fi lè kọjá láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Ó wọ inú àṣà wa débi pé ó ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí Eyò Adámú Òrìṣà bá jáde, ẹnikẹ́ni kì í gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà ní ojú agbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe gbọdọ̀ wọ sálúbàtà tàbí dirun ṣùkú lọ síbẹ̀. Ohun tí kò bá sí láàárín ìlú, ìlú kì í fi ṣe èèwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa òjò, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán wa kò mọ̀ ju pé òjò ń rọ̀ lọ. Òjò Èkó kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àti ti ìgbà tí òjò bá fẹ́ lọ ní oṣù Kẹwàá, ìjì ló máa ń gbé e wá. Apá ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run á ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ díẹ̀, eruku á gbéra, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù á dé kí ẹ̀kán òjò tó dé. Òjò oṣù Kẹfà àti Keje yàtọ̀ sí èyí. Ó lè rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí ariwo. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í le tó ti ìjì, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ni kì í tán nílẹ̀.

Ìjì ń ṣe oníkẹ̀kẹ́ ní oríṣi ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Báàgì onígun mẹ́rin tí a ń gbé sẹ́yìn a máa di ìgbòkun. Bí o bá jáde láti àárín ilé gíga Broad Street sí ojú Marínà, atẹ́gùn ọ̀sà á ti ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ láìjẹ́ pé o yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Èkejì ni bíréèkì. Bíréèkì ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tiwa, rọ́bà ló ń fún irin ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí irin náà bá tutù, táyà gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà mélòó kan kí rọ́bà tó nu omi kúrò lára rẹ̀, kó tó ó di pé ó mú. Ní ọjọ́ gbígbẹ, mo lè dúró kí n tó dé ẹ̀yìn dáńfó tó ṣàdédé dúró kó èrò ní Apọ́ńgbọ̀n. Ní ọjọ́ òjò, àfi kí n ti tẹ bíréèkì kí dáńfó tó rò ó. Ẹ̀kẹta ni mànàmáná. Àwọn kan ń tan ara wọn pé táyà rọ́bà ń gba oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àrá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn àrá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta rin kìlómítà kan. Bí o bá rí mànàmáná, tí o kà dé mẹ́fà kí o tó gbọ́ àrá, kò ju kìlómítà méjì lọ sí ọ. Erékùṣù Èkó lápapọ̀ kò sì fẹ̀ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀, ti Ìsàlẹ̀ Èkó ni tirẹ̀: ilẹ̀. Ilẹ̀ yìí kò ga sí omi. Ní ayé ìjọba òyìnbó, àbàtà ni apá kan Ìdúmàgbò, Alákorò àti Ẹlẹ́gbàtà kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i. Gómìnà MacGregor, tó ṣe ìjọba Èkó láti 1899 sí 1904, gbẹ́ kánààlì kan tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti fi fa omi kúrò. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, wọ́n dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, omi kò gbàgbé ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, gọ́tà kò rí ibi tú omi sí, omi á yí padà sí ojú títì. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011 wà lọ́kàn àwọn àgbà àdúgbò wa títí di òní. Ní oṣù Keje ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, gbogbo wa la rí fọ́tò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń léfòó ní Erékùṣù.

Bí omi bá bo títì, oníkẹ̀kẹ́ kò rí ibi tí títì parí sí tàbí ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìdúmàgbò àti ní Adéníji Adélé, àwọn ará àdúgbò tilẹ̀ máa ń ṣí ìdérí gọ́tà kí omi lè tètè lọ. Ire ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n kò sí igi, kò sí àsíá, kò sí ohunkóhun tó sọ fún àlejò pé ihò wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan kó sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń gbé lọ sí Òkè Àrín. Òjò náà kò tí ì ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Táyà iwájú wọlé, òun náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ló fà á jáde. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Nígbà tó rí fóònù rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó rán an. Èyí àkọ́kọ́ bèèrè ibi tí oúnjẹ wà. Ìkejì bèèrè ibi tí oúnjẹ wà. Ìkẹta sọ pé wọ́n ti yọ owó oúnjẹ náà nínú owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi jókòó sílé, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀búté Èrò ló sì san owó ilé ìwòsàn.

Kí ló gbé e lọ sínú òjò náà? Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wa á ní ojúkòkòrò ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Gbogbo ẹni tí ì bá rìn lọ ra oúnjẹ ní ìkóríta á mú fóònù. Iṣẹ́ á wá pọ̀, áàpù á sì fi owó díẹ̀ lé owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi fa ojú wa mọ́ra. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ tó sì dúró kí ìjì rọlẹ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, nítorí pé kọ́sítọ́mà á ní ó pẹ́. Ìràwọ̀ tó bá wálẹ̀ lónìí, iṣẹ́ á dín lọ́la. Ẹni tó bá pa fóònù rẹ̀ kí òjò tó dé, òun náà pàdánù owó ọjọ́ náà. Nítorí náà, wákàtí tó léwu jù ni wákàtí tí wọ́n ń fi owó pè wá jáde jù. Kì í ṣe ojúkòkòrò ni. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà nìyẹn.

Èyí ni mo fi ń sọ pé owó òjò tí wọ́n ń san kì í ṣe àánú. Wọ́n ń ra ewu lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ pé òun kò tà. Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ní Ítálì, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé oúnjẹ kiri kéde àfikún owó fún àwọn tó bá ṣiṣẹ́ nínú ooru líle, bí ooru bá ṣe ń le sí i ni owó náà á máa gòkè sí i. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo pé wọ́n ń fi owó tan èèyàn sínú ohun tó lè pa wọ́n, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Bí ti òòrùn bá rí bẹ́ẹ̀, ti ìjì kọ́ ni kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo New York. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìyókù ìjì Ida da omi bo ìlú náà, fídíò ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá nínú omi tó dé ìbàdí, tí ọ̀rá oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàn ká ayé. Nínú oṣù kan náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fọwọ́ sí àwọn òfin tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń jà fún ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí ibi tí òun lè lọ ṣe jìnnà tó, àti láti sọ pé òun kò gun afárá. Òmíràn fún un láyè láti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé oúnjẹ tó ti wá gba ẹrù. Ohun kékeré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó jìyà rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n fẹ́, tí ìlú sì gbọ́.

Níbí, ọ̀rọ̀ èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀ka tiwa ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kì í pè wá ní òṣìṣẹ́. Alábàáṣe ni wọ́n ń pè wá nínú ìwé tí a tẹ bọ́tìnì láti fọwọ́ sí. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń ṣe. Òfin ọdún 2010 wà lórí sísan ẹ̀tọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Ẹni tí wọn kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́, ó ṣòro kó tó rí ojú owó náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ló san án.

Ní èdè Yorùbá, a kò lè fi bẹ́ẹ̀ sá. Iṣẹ́ tí à ń ṣe àti iṣẹ́ tí à ń jẹ́, orúkọ kan náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yà wọ́n. Bí mo bá sì sọ pé mo ń jẹ́ iṣẹ́, etí ẹni tó gbọ́ á bèèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé: ta ló rán ọ? Kò sí iṣẹ́ jíjẹ́ tí kò ní arannisẹ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ fún wa. Ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n, orúkọ kálukú wọn sì ní ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá rí ìlàrí lọ́nà, ọba ló rí. Ọlá ọba ń bá ìlàrí rìn lọ, ó ń bá a rìn bọ̀. Ẹni tó bá fìyà jẹ ìlàrí, ọba ló fìyà jẹ. Nínú ìrònú tiwa, arannisẹ́ kì í jókòó sílé kó ní òun kò mọ ohun tó bá ìránṣẹ́ òun lójú ọ̀nà.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn.

Àwọn kan ní àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ iṣẹ́ nínú òjò, wọn kò pariwo. Òótọ́ ni pé wọ́n gùn ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn ní àlàwáǹsì kẹ̀kẹ́, ó sì ní owó tí òṣìṣẹ́ lè yá láti fi ra kẹ̀kẹ́. Owó oṣù á dé bí òjò rọ̀, á dé bí kò rọ̀. Àwa la ra kẹ̀kẹ́ tiwa, àwa la ra báàgì, àwa la ra dátà, àwa la ra kóòtù òjò. Bí a bá dúró, ebi.

Àwọn kan ní ẹni tí kò bá fẹ́ òjò kó wá iṣẹ́ mìíràn. Èmi kò sọ pé n kò fẹ́ òjò. Òjò oṣù Kẹfà tó ń rọ̀ jẹ́jẹ́, tí títì ṣì hàn, mo ń gùn ún. Bí mo bá wọ kóòtù òjò, tí mo rọra, tí mo tẹ bíréèkì láti òkèèrè, mo máa ń dé. Ìjì ni mo ń sọ: àrá tó ti súnmọ́, ẹ̀fúùfù tó ń ti kẹ̀kẹ́, àti omi tó ti bo etí gọ́tà. Mẹ́ta náà kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti dá mọ̀.

Àwọn kan ní oúnjẹ á tutù. Á tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró wo ìjì oṣù Kẹrin ní Èkó mọ̀ pé ibi tó le jù nínú rẹ̀ kì í sábà tó wákàtí kan. Ogójì ìṣẹ́jú lábẹ́ òrùlé kan ní Ìdúmọ̀tà, gbogbo rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ìrẹsì tó tutù ṣeé gbé ka iná. Ọrùn ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kò ṣeé gbé ka iná. Bí ó bá sì jẹ́ oògùn tí aláìsàn nílò kíákíá ni, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi rán an nínú ìjì. Kí arannisẹ́ wá ọkọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè rèé. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi bọ́tìnì ìdúró sínú áàpù wọn. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ìjì, kí kọ́sítọ́mà rí i pé ó ti dúró, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìràwọ̀ rẹ̀, kí àfikún owó òjò tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà wá di owó ìdúró. Kọ́bọ̀ kan kò lé e. Owó kan náà ni, ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló yí padà. Kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ilé oúnjẹ jẹ́ ká dúró sábẹ́ òrùlé wọn láìlé wa bí ewúrẹ́. Àwọn ìyá tó ni ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà àti ní Ìtá Fájì ń ṣe é fún wa láìbèèrè kọ́bọ̀. Wọ́n á ní, ọmọ mi, wọlé kí òjò dá. Ilé ìfowópamọ́ ńlá tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ nínú ìpolówó rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń tì wá bọ́ sínú òjò.

Ìjọba ní ìpín tirẹ̀. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí rírin ẹsẹ̀ àti gígun kẹ̀kẹ́. Ìlànà náà dára lórí ìwé. Kí wọ́n fi ìdérí gọ́tà Ìdúmàgbò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi irin olójú ṣe é, tí omi lè gbà kọjá tí èèyàn kò lè bọ́ sí, kí ará àdúgbò má baà ní ìdí láti ṣí i. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìjọba ló yẹ kó jẹ́ onílé yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù rán wa, tiyín kò le. Ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Bí ó bá ti ṣú, ẹ tètè rán wa kó tó dé, tàbí kí ẹ ní sùúrù kó lọ. Bí ẹ bá ti rán wa, ẹ má máa pè wá léraléra. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gun kẹ̀kẹ́ nínú ìjì, tó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sí etí, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́.

Ó ku àwa fúnra wa. Ìwé àdéhùn tí a ń fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì amòfin ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá dúró lábẹ́ afárá Apọ́ńgbọ̀n kò kà á, àwọn tó kà á kò yé wọn. Ẹ̀ka tó ń kọ́ ìtumọ̀ èdè ni wá. Mo ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa kó àwọn ìwé àdéhùn wọ̀nyí jọ, kí á tú wọn sí Yorùbá tó já geere, kí á kà á sínú fóònù fún ẹni tí kò lè kà, kí oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mọ ohun tí ó gbà àti ohun tí kò gbà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é kó wá bá mi ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka ní ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ amòfin, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, àti ní àwọn ilé-iṣẹ́ áàpù gan-an, ẹ̀yin lẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé náà. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ ìdúró sí i.

Eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí leji ń pa. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni eji á bá níta? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò. Ọwọ́ ẹni tó ń rán ni níṣẹ́ ló wà.